Ilé Tí Wọ́n Fi Yá Owó ní Èkó



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ máa ń kà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé, ilẹ̀ àti gbèsè la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń dá àjọ nítorí àtira ilẹ̀. Àwọn kan ti ra ọ̀kan, wọ́n ń wá èkejì. Àwọn mìíràn fẹ́ kọ́ ilé tí àwọn ayálégbé máa gbé. Tí irú wọn bá lọ wo ilẹ̀, ìbéèrè wọn kì í pọ̀: èélòó ni pọ́ọ̀tì kan, ṣé omi kì í yalé níbẹ̀, ìgbà wo ni títì máa dé. Ìbéèrè tó dára ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo ìtàn Èkó láti nǹkan bí 160 ọdún sẹ́yìn, kì í ṣe omi ló gba ilé lọ́wọ́ àwọn tó pàdánù ilé. Ìwé ni. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí òfin kan kọ, wọ́n sì ń fi òfin mìíràn kà á.

Òfin tí wọ́n fi ń kà á ni òfin ìdógò. Láyé àwọn bàbá wa, ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń gbé lọ sọ́jà. Ẹbí ló ni ín. Olórí ẹbí ló ń bójú tó o, òun ló sì ń pín in fún àwọn ọmọ láti fi dáko tàbí láti kọ́lé. Tí ìnáwó ńlá bá dé, bí òkú àgbà tàbí ẹjọ́, tí owó kò sì sí nílẹ̀, ẹbí lè mú oko kan fi dógò. Ẹni tó yá wọn lówó á wọnú oko náà, á máa ro ó, á máa kórè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé owó rẹ̀ dé, á kúrò níbẹ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣàkíyèsí nínú ètò yìí. Àkọ́kọ́, kò ní gbèdéke. Ogún ọdún lè kọjá, ọgbọ̀n ọdún lè kọjá, ẹni tó gba owó àti ẹni tó fún un lè ti kú tán. Ọmọ onílẹ̀ á gbé iye tí bàbá rẹ̀ gbà wá, wọ́n á sì dá oko padà fún un. Nígbà tí kóòtù òyìnbó dé, àwọn adájọ́ pàápàá gba àṣà yìí wọlé; wọ́n ń sọ ọ́ nínú ìdájọ́ wọn pé ohun tí a bá ti fi dógò, ìdógò ni yóò máa jẹ́. Èkejì, ohun tí ayánilówó ń kó lóko kò dín gbèsè kù rárá. Ẹni tí wọ́n fi oko kòkó dógò fún lè kórè fún ọdún mẹ́wàá, kó tà á, kó fi kọ́lé, síbẹ̀ gbogbo owó tó yá wọn ṣì wà lọ́rùn wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwọ̀fà: ọmọ ènìyàn á máa sin olówó, iṣẹ́ rẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí èlé, ojú owó kò sì kúrò níbi tó wà.

Àwọn àgbàlagbà kan máa ń sọ pé èlé kò sí láyé àtijọ́, pé òyìnbó ló kó o dé. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Èlé wà, kòkó ni wọ́n fi ń san án, tàbí òógùn ọmọ ìwọ̀fà. Àwọn onímímọ̀ nínú òfin Ìsìláàmù kò jẹ́ kí orúkọ tan àwọn jẹ. Ìlànà wọn ni pé owó yíyá tó bá ń fa àǹfààní wá fún ẹni tó yáni, ribā ni. Nínú mádhábù Imām Mālik, èyí tí àwọn àáfà wa nílẹ̀ Yorùbá ti ń kà láti ọjọ́ pípẹ́, ayánilówó kò gbọdọ̀ máa jẹ èso ohun ìdógò nítorí owó tó yáni. Tó bá jẹ́ pé ọjà ni wọ́n tà láwìn, tí ìdógò sì tẹ̀lé e, wọ́n fàyè gba irú rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn tó hàn kedere àti àkókò tó ní òpin. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó yíyá àti ọjà títà yìí kò kéré o. A ó tún padà bá a níwájú.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ká wọ Èkó.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé ìjọba Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun òyìnbó wà lórí omi lọ́jọ́ náà. Àwa máa ń sọ̀rọ̀ ìwé yìí bí ọ̀rọ̀ adé àti ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀: tí ilẹ̀ bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lórí ìwé ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ ìlú mìíràn kò ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà. Títí di ìgbà náà, ẹ̀rí ilẹ̀ ni ẹnu àwọn àgbà, igi tí wọ́n gbìn sí ààlà, àti ojú oórì àwọn tó ti lọ. Láti ọjọ́ náà, tákàdá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí.

Ní 1863, wọ́n ṣe òfin tó mú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n yan àwọn tí yóò máa wádìí ẹni tó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìjọba sì ń fún àwọn onílẹ̀ ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Crown Grant. Orúkọ ẹnì kan ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀, òun àti àwọn àrólé rẹ̀ títí láé. Ẹni tó ń gbé nínú agbo ilé pẹ̀lú àwọn àbúrò, àwọn ìyàwó bàbá àti àwọn ọmọ wọn, ó lè lọ gba ìwé náà lórúkọ ara rẹ̀ nìkan. Nílé, ilẹ̀ ẹbí ni. Lórí ìwé, ilẹ̀ tirẹ̀ ni.

Àwọn oníṣòwò òyìnbó fẹ́ràn ìwé yìí gidigidi, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Òwò epo pupa àti èkùrọ́ ló gbé Èkó ró nígbà náà, awìn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Oníṣòwò òyìnbó á kó aṣọ àti iyọ̀ àti ọjà mìíràn fún ọmọ Èkó láwìn. Òun náà á kó o wọ ìlú òkè, á fi ra epo, á kó epo wá san gbèsè. Ẹni tó ń kó awìn ńlá fúnni ń fẹ́ ohun tí yóò dì mú. Kí Crown Grant tó dé, ilé ọmọ Èkó kò ṣe é dì mú, nítorí gbogbo ẹbí ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìwé dé, ó ṣe é dì mú.

Ẹ wá fojú inú wo oníṣòwò náà. Ó gbé ìwé ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìka tẹ ìwé kejì tí agbẹjọ́rò kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́kàn rẹ̀, ó fi ilé dógò ni. Bó pẹ́ bó yá, òun tàbí ọmọ òun yóò gbà á padà. Ìwé tó tẹ̀ ka sí mímọ́ nǹkan mìíràn. Ọjọ́ ìsanwó wà níbẹ̀. Èlé wà níbẹ̀. Tí ọjọ́ bá kọjá, ayánilówó lè gba kóòtù lọ, ilé á di tirẹ̀ tàbí kó lọ sí gbànjo. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, pàápàá láàárín 1880 sí 1890, ọ̀pọ̀ kò rí gbèsè san mọ́, ilé wọn sì bọ́. Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń gba ilé báyìí. Àwọn olówó Èkó náà kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ìtàn yìí ni pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí níbi tó jìnnà sí Èkó. Nígbà àìmọ̀kan, kí Ìsìláàmù tó dé, ẹnì kan lè fi nǹkan dógò fún ẹlòmíràn pẹ̀lú àdéhùn pé tí òun kò bá mú owó wá lọ́jọ́ báyìí, kí ìdógò di tirẹ̀. Ọjọ́ á pé, owó á pẹ́, ohun tó tó ìlọ́po mẹ́wàá gbèsè á sì lọ báyẹn. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ ọ́: ìdógò kì í di ti ẹni tí wọ́n fi dógò fún. Imām Mālik gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú Muwatta’ láti ẹnu Sa‘īd ọmọ Musayyib, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ pé irú àdéhùn tí mo sọ lókè yìí gan-an ni wọ́n kọ̀. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n ta ìdógò náà, kí ayánilówó mú iye tirẹ̀ níbẹ̀, kí ìyókù padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ká má ṣe irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, òfin Gẹ̀ẹ́sì náà sọ pé tí wọ́n bá ta ilé lórí gbèsè, kí wọ́n dá ìyókù owó padà fún onílé. Ó sì fún ẹni tó jẹ gbèsè láàyè láti rà á padà kí ilé tó bọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ka ìwé tó fọwọ́ sí, tí kò sì lówó agbẹjọ́rò, ta ni yóò bá a béèrè ìyókù?

Kò sí ìtìjú nínú ìdógò fúnra rẹ̀. Ìyá wa ‘Ā’ishah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ló sọ fún wa pé nígbà tí Ànábì wa fi ayé sílẹ̀, ẹ̀wù irin ogun rẹ̀ ṣì wà ní ìdógò lọ́dọ̀ Júù kan ní Mọdínà nítorí òṣùwọ̀n ọkà báálì 30 tó rà láwìn fún ilé rẹ̀. Olórí ìlú ni, ó sì fi nǹkan dógò bí gbogbo ènìyàn. Kò sí èlé níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ ìwé náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Āyah tó gùn jù nínú Alùkùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin-lé-ní-igba nínú Sūratul-Baqarah, ọ̀rọ̀ gbèsè ló dá lé: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé má ṣègbè, kí ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ ni yóò máa pe ohun tí wọ́n ń kọ, tí kò bá sì lè pè é, kí alágbàtọ́ rẹ̀ pè é pẹ̀lú òdodo. Ẹ ronú sí ìlànà yẹn dáadáa. Ẹni tó jẹ gbèsè ló ń pe ìwé. Ní Èkó, agbẹjọ́rò ayánilówó ló pè é, ẹni tó jẹ gbèsè sì tẹ ìka sí ohun tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ayánilówó ló ń jàre nígbà gbogbo. Àwọn tó gba Crown Grant gẹ́gẹ́ bí ìdógò láìbéèrè àwọn ará ilé wá rí i pé ìwé ní ìdí mìíràn. Kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ àwọn àbúrò àti ọmọ tí wọ́n ń sọ pé, “Ilé yìí kì í ṣe ti ẹni tó fi dógò nìkan.” Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, lórí ilé Olóyè Mabinuori tó kú ní 1874, kóòtù fìdí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ẹbí múlẹ̀ lórí ilé ẹbí, wọ́n sì gbà pé ọmọ obìnrin tó dàgbà jù lè jẹ́ olórí ẹbí. Lẹ́yìn ìgbà náà, ìlànà ọ̀hún túbọ̀ dúró: tí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìbéèrè àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e; tí àwọn tó kù bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Ẹni tó ń ra ilé ẹbí lónìí, tó sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹjọ́ ọdún 1908 yẹn kò tíì parí fún un.

Ẹjọ́ tó gbayì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, Mùsùlùmí ni. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá lọ́dún 1913 láti lò ó fún iṣẹ́ ìlú. Wọ́n gbà láti san owó gbà-má-bínú, àmọ́ kóòtù ní Èkó sọ pé ohun tí Olúwa ní lórí ilẹ̀ náà kò ju ẹ̀tọ́ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, pé òun kọ́ ló ni ilẹ̀ gan-an, nítorí náà owó kékeré ló tọ́ sí i. Ẹ wo ibi tí ìtumọ̀ òfin wọ̀ sí. Ilẹ̀ kan náà, òfin kan náà. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n túmọ̀, owó ńlá sì di owó kékeré. Olúwa kò gbà. Ní 1920, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Privy Council dá ẹjọ́ náà: Viscount Haldane sọ pé adájọ́ kò gbọdọ̀ fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀, pé àwùjọ àti ẹbí ló ni ilẹ̀ níbẹ̀, Olóyè ló dúró fún wọn, àti pé ìyípadà ìjọba ní 1861 kò gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí ìjọba san owó ilẹ̀ bí ẹni tó rà á lọ́wọ́ onílẹ̀. Títí dòní, wọ́n ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí ní Kánádà àti Ọsirélíà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ bá dé.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, gbogbo rẹ̀ tún yí padà. Ìjọba ológun gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé gómìnà lọ́wọ́ fún àǹfààní àwọn ará ìlú. Abala 22 sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi dógò, kò gbọdọ̀ fi háyà, àfi tí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Abala 26 sọ pé èyí tí wọ́n bá ṣe lòdì sí òfin náà, òfo ni.

Báńkì kan tó ń jẹ́ Savannah Bank yá owó jáde lórí ilé ọ̀gbẹ́ni kan, Ajilo. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n fọwọ́ sí i. Owó kò padà wá. Nígbà tí báńkì fẹ́ gbé ilé lọ sí gbànjo, Ajilo gba kóòtù lọ, ó ní ìwé ìdógò náà kò ní àṣẹ gómìnà nínú, nítorí náà òfo ni. Báńkì ní ilẹ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí òfin 1978 tó dé, àṣẹ gómìnà kò kàn án. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ní 1989 wọ́n dá Ajilo láre. Òfin ni òfin, ilẹ̀ àtijọ́ àti ilẹ̀ tuntun, gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ àṣẹ. Adájọ́ Obaseki, ẹni tó ka ìdájọ́ àgbà, kò ṣàì sọ pé òfin yìí ń fún àwọn tó nílé àti àwọn tó nílẹ̀ lọ́rùn nínú òwò wọn.

Ìjayà bá àwọn báńkì. Àwọn onígbèsè mìíràn gbọ́, wọ́n sì rí ihò tí àwọn lè gbà jáde. Ẹni tó yẹ kó lọ gba àṣẹ gómìnà ni onílé fúnra rẹ̀. Òun ni kò gbà á, òun náà ló tún ń sọ ní kóòtù pé àìgbà á ti ba ìwé jẹ́. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dín ihò yìí kù: wọ́n ní òfin kò ka àdéhùn tó ṣáájú àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, àṣẹ náà lè tẹ̀lé e lẹ́yìn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, nínú ẹjọ́ Ugochukwu àti Co-operative and Commerce Bank, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu onílé tó jẹ owó tán tó wá ń sá sábẹ́ òfin.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú òwò ilé. Ká ní ìwọ ni Ajilo ńkọ́? Agbẹjọ́rò rẹ sọ fún ọ pé ọ̀nà wà, pé ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ yìí yóò dá ọ láre. Ṣé ilé náà ti di tìrẹ lójú Ọlọ́hun?

Ìyá wa Ummu Salamah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì wa, Bukhārī àti Muslim sì gbà á wá. Ó ní ènìyàn lòun, pé àwọn tó ń jà máa ń wá sọ́dọ̀ òun, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan mọ ọ̀rọ̀ sọ ju èkejì lọ, kí òun sì dá a láre nítorí ohun tí òun gbọ́. Ẹni tí òun bá fún ní ẹ̀tọ́ arákùnrin rẹ̀ báyìí, kó má mú un, nítorí ègé iná ni òun gé fún un. Ẹ rántí pé Ànábì ló ń dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe adájọ́ kan ṣá. Tí ìdájọ́ tirẹ̀ kò bá sọ harām di halāl fún ẹni tó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ti kóòtù wo ni yóò sọ ọ́? Nínú gbígbà wá ti Abū Dāwūd, ogún àtijọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí ni àwọn ọkùnrin méjì ń jà lé lórí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún, oníkálukú ń sọ fún èkejì pé, “Ìpín mi di tìrẹ.” Ànábì ní kí wọ́n lọ pín in, kí wọ́n wá òtítọ́, kí wọ́n ṣẹ́ gègé, kí wọ́n sì forí ji ara wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Àmọ́ báńkì náà ń gba èlé, harām ni àdéhùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.” Òótọ́ ni. Alùkùránì ti yanjú ìyẹn nínú Sūratul-Baqarah kan náà: ẹni tó bá ronúpìwàdà kúrò nínú ribā, ojú owó rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, kò ní ṣàbòsí, wọn kò sì ní ṣàbòsí sí i. Èlé ló burú. Owó tí o gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí o fi kọ́lé, kò di tìrẹ nítorí pé gómìnà kò fọwọ́ sí ìwé. Tí ìyà bá sì ń jẹ onígbèsè lóòótọ́, āyah tó tẹ̀lé e ní kí ẹni tó yá a lówó dúró dè é títí ara yóò fi dẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà wo wá ló wà lónìí fún ẹni tó fẹ́ ilé, tí owó rẹ̀ kò tó? Òṣìṣẹ́ ìjọba mọ owó ilé tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ̀. Òfin 1992 ló dá àpò yẹn sílẹ̀: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, Federal Mortgage Bank ló ń tọ́jú rẹ̀, àwọn tó ń dá a lè yá nínú rẹ̀ láti kọ́lé pẹ̀lú èlé ìdá 6. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé èlé kékeré ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré sí ti àwọn báńkì yòókù, èlé náà sì ni. Kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ní 2011, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé ìlànà jáde fún àwọn báńkì tí kì í gba èlé, ó sì ní kí oníkálukú wọn ní ìgbìmọ̀ àwọn onímímọ̀ tí yóò máa yẹ àdéhùn wò. Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, TAJBank tẹ̀lé e ní 2019, Lotus Bank ní 2021. Ibí ni ìyàtọ̀ láàárín owó yíyá àti ọjà títà tí mo mẹ́nu bà níṣàájú ti wúlò. Báńkì lè ra ilé kó tún un tà fún ọ láwìn ní iye tó ju iye tó rà á lọ, iye tí kò ní yí padà. Ó sì lè bá ọ ra ilé pọ̀, kí o máa san owó háyà lórí ìpín tirẹ̀, kí o máa ra ìpín náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kù ọ́ nìkan. Ọjà ni wọ́n ń ṣe, Ọlọ́hun sì ṣe ọjà ní halāl. Ṣùgbọ́n kó tó lè jẹ́ ọjà, báńkì gbọ́dọ̀ ra ilé náà lóòótọ́ kó tó tà á. Tó bá jẹ́ pé owó lásán ni wọ́n kà fún ọ, tí wọ́n wá fi orúkọ Lárúbáwá bò ó, o ti padà sí oko kòkó.

Ọjà méjì sì ní owó òfin méjì. Àwọn èèyàn wa ní Bìrìtìkó mọ̀ ọ́n: ọ̀pọ̀ ọdún ni Mùsùlùmí tó ra ilé lọ́nà yìí fi ń san owó orí ilé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí báńkì rà á, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí báńkì tà á fún un. Ẹni tó yá owó èlé ń san ẹ̀ẹ̀kan. Òfin ìnáwó ọdún 2003 ló mú ẹ̀ẹ̀kejì kúrò, ọdún tó tẹ̀lé e ni Islamic Bank of Britain sì ṣílẹ̀kùn. Gbólóhùn díẹ̀ nínú òfin ló jẹ́ kí halāl má wọ́n ju harām lọ fún wọn.

Nítorí náà, tí ẹ bá jókòó níwájú òṣìṣẹ́ báńkì tí kò gba èlé, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe àṣẹ gómìnà: ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà á àbí ẹ̀ẹ̀mejì, ta ló ń sanwó rẹ̀, àti pé orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé ilẹ̀ títí ẹ ó fi san tán. Ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ilé bá jóná nígbà tí ìpín báńkì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa tà á tí ẹ kò bá lè sanwó mọ́, àti ọ̀dọ̀ ta ni ìyókù owó ń lọ. Tó bá jẹ́ ilé ẹbí ni wọ́n fẹ́ rà fún yín, ẹ wo iye àwọn tó fọwọ́ sí i. Tí òṣìṣẹ́ náà bá ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé gbogbo ènìyàn ló ń fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó fún yín ní ẹ̀dà ìwé náà lọ sílé ná.